Ẹja Mẹ́ta Tí A Tú Sílẹ̀

Ní ọdún kejì tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àpótí onídígí kan wá fún kíláàsì wa láti Kútọnu, pẹ̀lú ẹja mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹja ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n. Ara wọn le bí èèpo igi, wọn a máa fi ẹnu lẹ̀ mọ́ dígí, wọn a sì máa họ ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tí ó bá wà lára rẹ̀ jẹ. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Kí ìsinmi ńlá tó dé, àpótí kò gbà wọ́n mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò máa bọ́ wọn. Àwọn ọmọ bẹ̀ wá pé: «Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí á tú wọn sílẹ̀.» A gbé wọn sínú garawa, a dà wọ́n sínú odò kékeré ẹ̀yìn ìlú. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Àánú ni a rò pé a ṣe.

Ó pẹ́ kí a tó ka ìtàn àrọ̀ ti Flọ́rídà, ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe àrọ̀ tiwa gan-an, ìbátan rẹ̀ láti Éṣíà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣòwò ẹja ọ̀ṣọ́ kó o wọ ibẹ̀. Òmíràn nínú wọn funfun bí àfín, èyí ni ó sì wu àwọn oníbàárà. Ẹni tí ó bá ti ra àrọ̀ lọ́jà mọ ìwà rẹ̀: ó ń mí afẹ́fẹ́, kì í kú bọ̀rọ̀ nínú agbọ̀n. Bí òjò bá rọ̀ lóru, èyí tí a ń wí yìí a máa fi ẹ̀gún lẹbẹ rẹ̀ wọ́ gba orí koríko lọ sí omi mìíràn. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bọ́ mọ́ àwọn olùsìn ẹja lọ́wọ́. Ìjọba Flọ́rídà bá fòfin dè é, pé kí ẹnikẹ́ni má kó o wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì ní in lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gún wa lọ́kàn nìyí. Lẹ́yìn òfin náà, ní ìparí 1967 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 1968, ìròyìn sọ pé àwọn olùsìn kan ní agbègbè Tampa mọ̀ọ́mọ̀ da ẹja ọwọ́ wọn sínú omi ìta. Òfin tí a ṣe kí ẹja náà má baà wọ odò ni ó mú àwọn mìíràn débẹ̀. A kò dá àwọn olùsìn náà láre, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wọn ibi tí wọn yóò gbé e lọ? Nígbà tí ó fi di 1978, àrọ̀ náà ti tàn dé 20 àgbègbè. Ó ń wọ kòtò àwọn olùsìn, ó ń jẹ ẹja wọn, títí tí wọ́n fi ní láti ṣe ọgbà yí kòtò ká.

(Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti de gbogbo ìdílé àrọ̀ láàyè báyìí, títí kan èyí tí àwọn ìyá wa ń sè lọ́bẹ̀.)

Òfin Yúróòpù ti ọdún 2014, tí ó de àwọn ìbátan wa ní Faransé pẹ̀lú, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó ti ń sin ẹranko kan nílé kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé èèwọ̀ lè tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ kí ó bímọ tàbí kí ó sá lọ. Èyí tẹ́ wa lọ́rùn ju ti Flọ́rídà lọ. Ẹ má rò pé a fẹ́ kí òfin rọ̀: àwa tí a ń rí jacinthe d'eau lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ mọ̀ pé nítorí òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Lọ́dún tó kọjá, a sọ ìtàn yìí ní kíláàsì. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: «Ọ̀gá, àwọn tiyín ńkọ́?» Ní ọjọ́ Sátidé, a kó àwọn ọmọ mélòó kan lọ sétí odò náà. A bá bàbá apẹja kan níbẹ̀, a kí i kú iṣẹ́, a ṣàpèjúwe ẹja náà fún un. Ó ní òun mú ọ̀kan rí, ara rẹ̀ le débi pé ó ya àwọ̀n òun. Ó bi wá pé: «Olùkọ́, ṣé ẹ mọ ẹni tí ó gbé e wá ni?»

A ní àwa ni. Ó wo àwọn ọmọ, ó wò wá, ó sì na àwọ̀n náà sí wa kí a rí ibi tí ó rán.