Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí n'Íkòyí-Ilé: Sítíkà èékánná já bọ́ sínú àmàlà!

Òkèlè kẹta ni mo fẹ́ẹ́ gbé sẹ́nu tí mo fi rí nǹkan pupa kan tó ń dán nínú gbẹ̀gìrì. Mo rò pé èèpo ata ni. Ìgbà tí mo wo ọwọ́ ara mi dáadáa ni mo rí i pé èékánná àtàǹpàkò mi ti wà níhòòhò. Sítíkà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn láti Ìbàdàn ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àwo yẹn!

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà níbi tó yẹ. Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ràn kútẹ́ẹ̀sì púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Cutex l'Ámẹ́ríkà, tó gbé èyí tó ní àwọ̀ jáde lọ́dún 1917, la fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo ẹ̀, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo. Wàhálà tèmi ni pé Mùsùlùmí ni mí. Súrà Máídà, áyà 6, ti ní ká fọ ọwọ́ wa dé ìgúnpá ká tó kírun, kútẹ́ẹ̀sì sì máa ń bo èékánná ni, omi ò ní dé abẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi máa ń dúró di àkókò tí obìnrin kì í kírun kó tó kun ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àbùkù tó wà níbẹ̀ ná: gbogbo ọ́fíìsì ló máa mọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ dé. Ọ̀gá wa ọkùnrin gan-an ti mọ̀ ọ́n!

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan wá fi sítíkà èékánná hàn mí lọ́dún 2023, inú mi dùn gan-an. Pélébé báyìí ni, ó pupa, wọ́n ya òdòdó sí i, ogún ló wà nínú páálí kan. Wàá fi asitóònù nu òróró kúrò lára èékánná, wàá yan èyí tó bá ìka kọ̀ọ̀kan mu, wàá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú un gbóná díẹ̀, wàá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wàá sì fi fáìlì rẹ́ etí ẹ̀ tó yọ síta kúrò. Kò rùn bíi kútẹ́ẹ̀sì, o ò sì ní máa fẹ́ atẹ́gùn sí i pé kó gbẹ. Tó bá sú ẹ, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lo máa fi ṣí i. Ọ̀rẹ́ mi ní kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nítorí àlùwàlá, torí pé ó ṣeé ṣí. Mi ò rántí bi í bóyá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni màá máa ṣí i.

Yìgì ọmọ àbúrò ìyá mi ló gbé mi lọ s'Íkòyí-Ilé. Ọjọ́bọ̀ ni mo gbéra. A dúró l'Ọ́yọ̀ọ́, ní ọjà Akẹ̀sán, ọjà tó jóná lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 tí wọ́n sì tún un kọ́. Mo ra igbá fínfín kan fún ìyàwó níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́ dáa nídìí igbá. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi máa ń gbẹ́ iṣẹ́ ọnà náà wọnú ara ẹ̀, o lè fọ̀ ọ́ títí, kò ní ṣí. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, tírélà ló gba gbogbo ọ̀nà lọ́wọ́ wa, mi ò fẹ́ẹ́ rántí. Mo ra ẹ̀pà káṣú l'Ógbòmọ̀ṣọ́, mo sì wọ mọ́tò kékeré kan lọ s'Íkòyí-Ilé, níbi tí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orí Ire wà. Eruku pupa kún inú irun mi, sítíkà mi ṣì ń dán gbinrin.

Ẹ̀yin náà mọ Ìkòyí. Láyé Ọ̀yọ́-Ilé, Oníkòyí ni olórí Ẹkùn Òsì, àwọn Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì ni wọ́n máa ń sọ pé wọn kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n fi ń gbà á. Èmi ọmọ wọn rèé, ẹ̀yìn ni mo fi ìka pamọ́ sí nígbà tí sítíkà já bọ́!

Àbúrò ìyá mi ti rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àdùkẹ́, kí ló bọ́ sínú ọbẹ̀ un?"

Mo ní, "Sítíkà ni, Mà. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná ni."

Ó gba ọwọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ó mà dáa o. O ti kírun Àílà?"

"Mo ti kí i, Mà."

"Ṣé omi ń dé abẹ́ ẹ̀?"

Ẹnu mi wọhò. Kò bá mi jà o, ó kàn ń wò mí ni, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo ti kí Àsùbá náà n'Íbàdàn pẹ̀lú ẹ̀. Àmàlà gbígbóná ló tú àṣírí mi, torí pé ooru tó jẹ́ kí sítíkà lẹ̀ náà ló jẹ́ kó ṣí. Mo gbé omi gbígbóná àti àdín, mo sì ṣí mẹ́sàn-án tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún àlùwàlá ṣe, mo sì kí ìrun méjèèjì padà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ẹ́ lé làálì fún ìyàwó. Obìnrin tó ń lé e ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá pẹ̀lú sẹ́lótéèpù tó ti gé sí oríṣiríṣi ọnà. Ó máa ń lẹ téèpù mọ́ ọwọ́ ni, á wá fi làálì bo gbogbo ẹ̀, ibi tí téèpù wà ò ní mu àwọ̀. Abọ́ méjì ló gbé kalẹ̀: ọ̀kan dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n lọ̀, èkejì dúdú bíi táyà. Ìyàwó ní dúdú lòun fẹ́, torí fọ́tò.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ewé làálì tí wọ́n lọ̀ kì í dúdú bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ọsàn ló máa kọ́kọ́ ń mú jáde. Èyí tó bá dúdú kí o tó pajú pẹ́, wọ́n ti pò ó mọ́ dáì irun, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PPD ló sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ dáì bẹ́ẹ̀. Ní Britain, òfin ò gbà kí wọ́n fi kun ara. Mo ti rí ọwọ́ ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi tó fi ṣe ìyàwó: ó lé ròrò, ó tú omi, àpá ẹ̀ ya òdòdó náà síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó. Ó bi mí pé ṣé ó dájú pé tòun náà á rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kò dájú, ẹlòmíràn á lò ó láìsí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀la kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yọ. Ó ranú mọ́ mi, ó na ọwọ́ sí abọ́ kìn-ín-ní. Èmi náà na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n fi ewé àti ọ̀rá dì wá lọ́wọ́ bí ẹní di mọ́ínmọ́ín, a sì sùn bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, a tú u. Ọsàn ni! Omijé ti wà lójú ìyàwó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ohun tí ẹ fà fún mi." Gbogbo ọjọ́ yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń sọ pé àwọn ará Ìbàdàn ti bayé jẹ́. Ìyá ẹ̀ kàn ń sọ pé ká ní sùúrù.

Láàárọ̀ Sátidé, ọwọ́ náà ti pọ́n bí obì àbàtà, ó ń lọ sí dúdú. Òun fúnra ẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn mi láti fi hàn mí. Kò bẹ̀ mí o, ó kàn ní kí n bá òun so gèlè.

Tèmi ò dára tó ti sítíkà, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò dán, kò sì ní òdòdó. Ṣùgbọ́n ara èékánná ló wọ̀, omi ń dé ibi tó yẹ kó dé, mo sì ń fi jẹ àmàlà gbígbóná láìfòyà. Èékánná ọwọ́ máa ń ga tó mìlímítà 3 lóṣù, nítorí náà ó lé ní oṣù márùn-ún kí èyí tó kẹ́yìn tó kúrò. Lọ́jọ́ Ajé tí mo padà sí ọ́fíìsì, ọ̀gá wa wo ọwọ́ mi, ó wo kálẹ́ńdà, ojú ẹ̀ dàrú.

Sítíkà mẹ́wàá tó kù ṣì wà nílé. Ọmọ mi ti lẹ mẹ́fà mọ́ ara fíríìjì, wọ́n sì wà níbẹ̀ dòní, kò sí èyí tó ṣí.