Ẹ lọ sinmi, ẹ̀yin olùkọ́ wa
Sáà kẹta parí lónìí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Láti 1994 ni wọ́n ti ń ṣe Àyájọ́ Olùkọ́ lágbàáyé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n ọpẹ́ yín kò gbọdọ̀ dúró dìgbà náà. Ẹni tó kọ́ni láàárọ̀, tó ṣọ́ ìdánwò lọ́sàn-án, tó tún gbé ìwé relé lọ máàkì lálẹ́, ó yẹ kó sùn dáadáa. Mi ò ní fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp títí a ó fi wọlé. Àárẹ̀ ló sábà máa ń mú kí olùkọ́ jágbe mọ́ ọmọ tó béèrè ìbéèrè, ọmọ náà kò sì ní béèrè mọ́. Bàbá gétì, ẹ̀yin tó ń gbálẹ̀ ọgbà wa, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun gan-an.