Ẹnìkejì Lójú Pápá

Bí a bá dárúkọ Nduka Odizor láàrin àwọn àgbà tó fẹ́ràn tẹ́níìsì, láti Àgbádárìgì títí dé Oníkan, ìtàn kan ṣoṣo ni wọn yóò sọ. Ní Wimbledon, lọ́dún 1983, Guillermo Vilas ará Ajẹntínà, ẹni kẹrin tí àwọn olùṣètò kà sí alágbára jù lọ, gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọmọ bíbí Èkó yìí. Odizor sì gba mẹ́ta tó kù. Ìtàn náà dùn, ó tọ́ kí a máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti bo òmíràn mọ́lẹ̀.

Nínú ìdíje ẹlẹ́nìkan, ipò 52 lágbàáyé ni ibi gíga jù lọ tí Odizor dé. Ife-ẹ̀yẹ kan péré ló gbà níbẹ̀, ní Taipei, lọ́dún 1983 kan náà. Nínú ìdíje ẹlẹ́ni-méjì, ó dé ipò 20 lọ́dún 1984, ife-ẹ̀yẹ méje ló sì gbà. Ta ló ń sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́?

Kí olùkọ́ kan fa ìlà pápá náà sórí iyanrìn etíkun Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ náà yóò yé àwọn ọmọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 78. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 27 fún ẹnì kan, 36 fún ẹni méjì. Ènìyàn di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ kò dì í. Ó yẹ kí iṣẹ́ rọrùn nígbà náà, àmọ́ àárín àwọn méjèèjì gan-an ni ewu wà: bọ́ọ̀lù á gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí oníkálukú ń rò pé ẹnìkejì òun ni yóò gbá a. Ìdí nìyí tí ẹni tó dúró nítòsí àwọ̀n fi máa ń fi ọwọ́ sẹ́yìn, tí ó ń fi ìka ṣe àmì tí àwọn alátakò kò ní rí. Bí ọ̀kan bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, àwọn méjèèjì ló jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹni tó ti ka ìwé *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà kọ yóò rántí pé Àkàrà-ògùn kò dá lọ sí Òkè Lángbòdó. Kàkó wà níbẹ̀, Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ta ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ọmọ ilé-ìwé?

Odizor tí a ń pè ní akọni kan ṣoṣo náà ní ẹlòmíràn lẹ́yìn. Robert Wren, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ Chinua Achebe, ló ràn án lọ́wọ́ láti Èkó dé Yunifásítì Houston. Nígbà tí tẹ́níìsì sì padà sínú ìdíje gidi ní Òlíḿpíìkì, ní Seoul lọ́dún 1988, ẹni méjì ni Nàìjíríà rán lọ: Odizor àti Tony Mmoh.