Ọmọ Mi Kò Purọ́

Ẹlòmíràn lè ní, kí ni ó kan ládàánì nínú eré orí kọ̀ǹpútà? Ó kàn mí, nítorí mo ti fi ẹnu ara mi dójú ti ọmọ mi lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀ ọdún 2023 ni mo ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, tòkunbọ̀ ni, kí n lè máa fi kọ ìwé ìpàdé. Àkọ́bí mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, tọrọ àyè láti máa fi gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé, mo sì gbà fún un. Kò pẹ́ tí ọ̀ràn fi yí. Bí ó bá ń gbá a lọ, eré náà yóò ṣàdédé pòórá, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ ìdí kankan. Nígbà mìíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, nígbà mìíràn lẹ́yìn wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí èmi bá jókòó kọ lẹ́tà, nǹkan kan kò ní ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni kí n fura sí?

Mo ní ó ti gba ìgbàkugbà sínú rẹ̀. Ó ní, "Bàámi, n kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan." Mo ní irọ́ ni, lójú àwọn àbúrò rẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà mọ́ ọn fún oṣù kan gbáko. Kò bá mi jiyàn mọ́. Ìyá rẹ̀ wí fún mi lóru ọjọ́ kan pé, "Bàbá wọn, ẹ kò tíì rí ẹ̀rí, ẹ sì ti dájọ́." Ọ̀rọ̀ náà gún mi, nítorí èmi ni mo máa ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tí ń jà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá kí wa. Ó ní kí a má ṣe tún nǹkan méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ó bá sàn, a kò ní mọ oògùn tí ó wò ó. A pa eré náà rẹ́, a tún un fi sí i. Ó tún pòórá. A tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì gbọn eruku fáànù, nítorí ooru a máa dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Pàbó ni. A wá èyí tuntun nínú ètò tí ń darí àwòrán, tí wọ́n ń pè ní dráífà. A tilẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, nítorí mo ti ń di ẹ̀bi ru iná ìjọba. Kò yí padà.

Ó wá ṣí Reliability Monitor, níbi tí Windows ń kọ ọjọ́ tí ètò kọ̀ọ̀kan bá dákú sí. Háà! Ó ti dákú ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ọmọ mi tó fi eré sínú rẹ̀ rárá. Èmi ni mo jókòó sí i lọ́jọ́ náà.

Ó ní ráàmù ni òun fura sí, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Bí yàrá kan bá ń jò nínú ilé yín, àlejò méjì kò ní mọ̀. Ọjọ́ ìkómọ tí gbogbo yàrá kún ni òjò yóò pa ẹnìkan níbẹ̀. Lẹ́tà mi kò gba àyè; eré bọ́ọ̀lù ni ó ń kún gbogbo yàrá.

A fi MemTest86 sórí fláàṣì, a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tí mo jí láti lọ pe ìrun àsùbáà, àṣìṣe ti kún ojú rẹ̀. Ráàmù méjì ni ó wà nínú rẹ̀. A dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò kan náà, kí a má baà di ẹ̀bi ihò ru ráàmù. Ọ̀kan mọ́, èkejì bàjẹ́. A yọ ọ́.

Mo pe ọmọ náà síwájú àwọn àbúrò rẹ̀, níbi tí mo ti pè é ní òpùrọ́, mo ní èmi ni mo ṣì í, kí ó má bínú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bí òun bá lè gbá bọ́ọ̀lù fún ìdajì wákàtí. Ìyá rẹ̀ ti dá a lóhùn kí n tó la ẹnu.