Gángan Tó Ya Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ní ọdún 1984 ni mo wọ ilé-ìwé girama kan ní ìlú Ìsẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí bàbá mi mú mi lọ, ó fà mí létí, ó ní, "Ìwé ni mo ní kí o wá kà. Má jẹ́ kí ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ gbà ọ́ lọ́kàn." Mo dáhùn pé mo ti gbọ́. N kò mọ̀ pé inú ẹgbẹ́ ni n óò ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé.

Ní ilé-ìwé wa, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú wà fún ẹgbẹ́. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, kálukú yóò gba ibi ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ. Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ aláriyànjiyàn, àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjì ni èrò pọ̀ sí jù. Àwọn ni Ẹgbẹ́ Olórin àti Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì.

Èmi wọ Ẹgbẹ́ Olórin. A ń kọrin, a ń lu agogo, a sì ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń lu gángan. Gángan náà kì í ṣe ti ilé-ìwé. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Àyàn, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí wa, ni ó yá wa kí a lè fi múra sílẹ̀ de ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń sùn ní yàrá kan náà wà nínú Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni a ń pè é, nítorí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí pé bí a bá ti bébà lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ aró bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́, yóò di pupa. Bí a bá sì ti pupa náà bọ omi eérú, yóò padà di aláwọ̀ aró. Ẹnu yà mí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ó mọ̀. Àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì a máa pè wá ní "aláriwo." Àwa náà a sì máa pè wọ́n ní "oníṣègùn inú ìgò."

Ní ọjọ́rú kan nínú oṣù keje ọdún 1986, Ọ̀jọ̀gbọ́n wá yá gángan náà. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó sì gbé e lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì. Mo tẹ̀ lé e. Ó nawọ́ sí ìlù náà, ó ní, "Wò ó. Bí o bá fún ọṣán yìí mọ́ra, awọ á le. Bí awọ bá le, á máa gbọ̀n kíákíá, ohùn á sì lọ sókè. Bí o bá dẹ ọṣán, awọ náà á dẹ̀. Gbígbọ̀n rẹ̀ á falẹ̀, ohùn á sì wá sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àwọn onílù ti mọ èyí kí wọ́n tó bí bàbá ńlá rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó dáhùn. "Ohun tí wọ́n fi etí mọ̀ ni mo fẹ́ fojú rí."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò rọ̀ láti àárọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn pé. Mo lọ mú gángan náà ní yàrá sáyẹ́ǹsì láti fi kọ́ra. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo lù ú, ó dún bí páálí tí omi wọ̀. Ọ̀rinrin ti mú kí awọ rẹ̀ dẹ̀. Olùkọ́ orin wa ti kìlọ̀ fún wa pé oòrùn ni kí a máa sá a sí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sún mọ́ iná. Ṣùgbọ́n oòrùn kò sí ní ọjọ́ náà. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, mo sì sáré lọ gba ẹ̀wà mi.

N kò tí ì dé ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ tí mo fi gbọ́ "pàá!" Nígbà tí mo padà, awọ ìlù náà ti ya láti etí kan dé èkejì. Àyà mi já. Mo wò yí ká, n kò rí ẹnì kan. Mo fi aṣọ bò ó, mo sì dá a padà sí ibi tí mo ti mú un.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n rí i. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó wà nínú ìwé. Olùkọ́ wa bínú gidigidi. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní sí lára àwọn tí yóò ṣe àfihàn ní ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀, opó tí ń ta èlùbọ́ ní Òkèhò, ti ránṣẹ́ pé òun yóò wá wo ọmọ òun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sunkún. Ó gbé ìlù náà, ó fọwọ́ kan ibi tó ya, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibí yìí ti gbẹ ganringanrin, ó sì ń rùn èéfín. Iná ni ó fà á. A kò dá iná ní yàrá sáyẹ́ǹsì láti ọjọ́rú." Olùkọ́ ní àwíjàre ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá yíjú sí mi. Èmi tẹjú mọ́lẹ̀.

N kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà. Mo ń gbọ́ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú olùkọ́ wa, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá. Ó fà mí dìde. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti àná. Ìwọ ni mo ń retí kí o sọ ọ́."

Olùkọ́ ní n kò ní lu ìlù ní ọjọ́ náà. Ó sì mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá onílù. Bàbá wo ìlù, ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ mi, bí awọ bá ya, a ó wá òmíràn. Bí ẹnu bá purọ́, níbo ni a ti ń ra òmíràn?" Ó ní kí n máa wá ran òun lọ́wọ́ ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta. Ibẹ̀ ni mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń rẹ awọ ewúrẹ́ sínú omi kí ó lè rọ̀, bí wọ́n ṣe ń nà án nígbà tí ó tutù, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè le. Gbogbo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wí ni mo fi ọwọ́ ara mi kàn.

Ní ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, àárín àwọn òbí ni mo jókòó sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n to ìgò mẹ́jọ sórí tábìlì. Ó bu omi sí wọn, èyí kò kún tó èyí. Ó fi ṣíbí lù wọ́n, ìgò tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ni ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu wọn, ìgò yẹn kan náà ni ohùn rẹ̀ wá lọ sókè jù! Ó ṣàlàyé pé bí a bá lu ìgò, ìgò àti omi ni ó ń gbọ̀n, omi púpọ̀ á sì mú kí gbígbọ̀n náà falẹ̀. Bí a bá fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ tó wà lókè omi ni ó ń gbọ̀n. Bí àyè rẹ̀ bá kéré, á gbọ̀n kíákíá. Bàbá onílù fúnra rẹ̀ gbé ìyáàlù rẹ̀ wá, ó sì ń lù ú tẹ̀ lé ohùn ìgò. Ẹgbẹ́ Olórin gbe orin. Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, ó jó dé iwájú.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dé ilé-ìwé girama, ẹ wọ ẹgbẹ́ tó dára, kí ẹ má sì fi ẹgbẹ́ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Onílù àti onísáyẹ́ǹsì, ohùn kan náà ni wọ́n ń wá. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ lo ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi.