Ìwé Àbẹ̀wò Àlàájà Nọ́ọ̀sì

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Èkó ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú agboolé wọn lẹ́bàá Ìdúmàgbò. "Àlàájà, ẹ má bínú o. Nígbà tiyín, tí ọkọ obìnrin bá kú, tàbí tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ta ló ń jókòó tì í kó lè sọ tinú ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn dun obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlàájà Nọ́ọ̀sì. Àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọmọ yìí sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni iṣẹ́ náà dé.

Ilé tí wọ́n wó ló fi bẹ̀rẹ̀ èsì rẹ̀. Láti 1955 ni LEDB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, ti ń wó ilé láàárín Erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 70. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Súrùlérè. Ilé tuntun ni lóòótọ́, kò há gádígádí bíi ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ àgbà tó ń pàtẹ aṣọ kò rí oníbàárà mọ́, owó bọ́ọ̀sì ń jẹ èrè, àbúrò tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé tẹ́lẹ̀ sì di ẹni tí wọ́n ń rí nígbà Iléyá. "Wọ́n ní ibà ló ń ṣe màmá. Ibà kọ́. Ilé rẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀."

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà rí i. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ̀wé lórí àwọn opó ìlú London, ṣe ìwádìí lórí àwọn tí wọ́n kó lọ sí Súrùlérè, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ní 1974, nínú Loss and Change, ó ṣàlàyé pé bí opó ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ náà ni ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ilé. Àlàájà ní òun ò nílò ìwé kóun tó mọ̀.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, ní Abẹ́òkúta, ló ti kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀ ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní 1954: aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa dáná fún un. Lambo ti lọ sí Ìbàdàn kí Àlàájà tó débẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kọ́ ọ, ọkùnrin tí kò sí ìwé tó dárúkọ rẹ̀, èyí sì ń bí i nínú di òní. Tí bàbá yẹn bá wọ ilé aláìsàn, ààrò ló máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá eérú tuntun wà níbẹ̀. Ó wá lè jókòó sórí ẹní fún wákàtí kan láìbéèrè nǹkan kan. Tó bá dìde, a ní, "Sìn mí díẹ̀." Láàárín ilé sí ojú títì ni aláìsàn yóò ti sọ ohun tí kò lè sọ níwájú ẹbí.

Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú ìwé àbẹ̀wò, ìwé ẹlẹ́yìn líle: ta ló ń bá a jẹun, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ yàrá, orúkọ ta ló ń pè lójú oorun. Ogun abẹ́lé, owó epo, gbogbo ìyẹn kò gba ìṣẹ́jú kan lẹ́nu rẹ̀. Ọdún SAP, ètò tí ìjọba fi ń tún ọrọ̀ ajé tò, ló tún dúró lé lórí, nígbà tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn baálé ilé, tí àwọn èèyàn sì nílò àbẹ̀wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà náà gan-an ni ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ dá àbẹ̀wò dúró, tí wọ́n kó àwọn ìwé yẹn fún ẹni tó ń ra bébà. Àṣírí ọmọ ọlọ́mọ di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà.

Ọmọbìnrin náà takò ó níbì kan: obìnrin tí ọkọ ń lù kò lè sọ̀rọ̀ nínú agboolé ọkọ, yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì ló nílò. Òótọ́ ni, ìrìn dé ojú títì kò tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àlàájà kò gbà. Ó ní ẹni tí kò lówó ọkọ̀ kò lè dé yàrá náà.

Nígbà tí ilé ìwòsàn dá àbẹ̀wò dúró, òun kò dúró ní tirẹ̀. Owó ara rẹ̀ ló fi ń wọ ọkọ̀ lọ bẹ àwọn aláìsàn rẹ̀ wò, wọ́n sì fún un ní kúẹ́rì. Wọ́n tún fẹ̀sùn kàn án pé ó jẹ́ kí Àfáà gbàdúrà fún aláìsàn kó tó lo oògùn. Ṣebí Lambo fúnra rẹ̀ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Àrò? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní Oṣù Kìn-ín-ní 2023, láti rọ́pò ti 1958, ó rí i pé òfin náà fẹ́ kí ìtọ́jú wà ní àdúgbò. Ó ní ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fún òun ní kúẹ́rì nìyẹn, tí wọ́n bá sì pe òun padà lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà lòun máa ṣe é. Kí wọ́n ṣáà san owó ọkọ̀.