Ìrìn Òwúrọ̀ ní Etíkun Monrovia: Láti Mamba Point dé Erékùṣù Providence

Orí ilẹ̀ tóóró ni àárín ìlú Monrovia wà. Òkun Àtìláńtíìkì ń bẹ ní apá kan, odò Mesurado ń bẹ ní apá kejì, òkè Ducor sì dúró sí ṣóńṣó rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè fi òwúrọ̀ kan ṣoṣo rin ibi tí orílẹ̀-èdè Làìbéríà ti bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án la rìn ín lóṣù Kejì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: àgbà márùn-ún, ọmọdé mẹ́rin, pẹ̀lú bọ̀ọ̀dá kan tó ń fi wá mọ̀nà. Ẹ má lọ lóṣù Keje o. Monrovia wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù lọ láyé. Òjò ọdún kan níbẹ̀ máa ń ju mílímítà 4,000 lọ.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ku díẹ̀ la gbéra ní Mamba Point. Oòrùn kì í ti inú òkun yọ níbẹ̀. Ẹ̀yìn òkè ló ti ń yọ, nítorí náà etíkun á ṣì ṣú díẹ̀ nígbà tí ìgbì ọ̀ọ́kán bá ti ń dán. Àsìkò yẹn ló dára jù fún ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣa ìkarahun, kí wọ́n wọ bàtà, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo ló mọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ omi. Ìgbì etíkun yìí máa ń fa ènìyàn lọ, ẹni tó mọ̀wẹ̀ pàápàá kì í fi í ṣeré.

Àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe kọ́ àwọn ọmọ wa bí ará Làìbéríà ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí ọwọ́ bá fẹ́ kúrò nínú ọwọ́, ìka àárín ẹni méjèèjì á ta ara wọn, á dún "tọ́". Èyí tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́fà, ò rí tirẹ̀ ta títí a fi kúrò níbẹ̀. Ó bínú gan-an.

Òkè Ducor ga, ẹ gbé omi dání. Òtẹ́ẹ̀lì Ducor wà lórí rẹ̀, alájà mẹ́jọ, tí wọ́n ṣí ní 1960, tó sì tì pa ní 1989, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ère Joseph Jenkins Roberts wà nítòsí rẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí ní Virginia, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira 1847. Láti orí òkè náà, ojú ń tó èbúté Freeport, níbi tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí lóṣù Kẹjọ ọdún 1990. Ọ̀kan nínú àwa àgbà dá dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ sí ogun yẹn, kò bọ̀.

Ìsàlẹ̀ òkè ni West Point wà, páànù rẹpẹtẹ, ilé fara ti ilé, lórí iyanrìn láàárín odò àti òkun. Òkun ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti bá omi lọ. Àwa tí a mọ Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 tí òkun ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ọmọ wa kan béèrè pé ṣé wọ́n máa ń tètè kó ẹrù jáde ni. Bọ̀ọ̀dá ní, "Òru ló sábà máa ń dé. Ọmọ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà ìkòkò."

A gba ọjà Waterside kọjá. Ẹ tẹ́tí sí Gẹ̀ẹ́sì wọn, tí wọ́n ń pè ní Kolokwa. Àwa Yorùbá ò fẹ́ kọ́ńsónáǹtì níparí ọ̀rọ̀, a sì máa ń fi fáwẹ̀lì tì í: "bread" di búrẹ́dì. Àwọn ò fẹ́ ẹ náà, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń gé e jù: "rice" á di "rai". Iṣẹ́ wa ni èdè, ẹ má bínú.

Láti orí afárá la ti sọ̀ kalẹ̀ sí erékùṣù Providence, tó ń jẹ́ Dozoa kí àlejò tó dé. Igi àràbà ńlá kan wà níbẹ̀. Lóṣù Kìíní ọdún 1822 ni àwọn ènìyàn dúdú tó wá láti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ síbẹ̀, lẹ́yìn tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ní erékùṣù Sherbro. Oṣù Kejìlá 1821 ni wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba tí òyìnbó ń pè ní King Peter. Ìbọn, ẹ̀tù, tábà àti ọtí ni wọ́n fi san án, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 dọ́là lọ. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé wọ́n na ìbọn sí ọba kó tó gbà.

Lóṣù Kẹrin ọdún 1822 kan náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ Òṣoògùn kan, Àjàyí, lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó sì gbé e lọ sí Freetown, ní etíkun yìí kan náà. Crowther wa nìyẹn. Àjàyí mọ orúkọ ìlú rẹ̀, ó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, ó sì rí ìyá náà ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ ní Dozoa, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí wọn sí. Wọn ò mọ ilé tí wọ́n ti kó baba ńlá wọn, wọn ò sì ní èdè tí wọn ì bá fi béèrè.

Ọmọ wa kan yíjú sí bọ̀ọ̀dá. "Tí ẹ bá wà níbí lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ máa lé wọn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bassa ni ìyá mi, àwọn èèyàn rẹ̀ á lé wọn. Àwọn èèyàn bàbá mi ló wà nínú ọkọ̀."

Aago mẹ́wàá ti fẹ́ẹ̀ lù, ilẹ̀ ti gbóná. A padà sí Waterside lọ jẹ dumboy, gbágùúdá tí wọ́n gún bí iyán, tó sì ń fà ju iyán lọ. Ọbẹ̀ ata ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ gbé e mì.